ẸNI TÓ Ń TI ỌSIBÍTÙ BỌ̀: Ẹ PÀGỌ́ DÈ É



Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó jẹ́ kí Ràmàdáánì ọdún yìí ṣojú ẹ̀mí wa. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kó máa bá Ànábì wa Muhammad (SAW), àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ọ̀wọ́n, ẹ kú ààwẹ̀ o. Ọlọ́hun á gbà á ní ìbáádà lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ní Omifunfun, ẹ̀yin ará Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó, ẹ̀yin tí ẹ wà lóko kòkó tí ẹ gbé rédíò kọ́ ẹ̀ka igi, gbogbo yín pátá ni mo kí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ bí a ṣe ń gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù. Ariwo ni, eré ni, owó ni. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló mọ bí a ṣe ń gbà á padà sílé? Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí nìyẹn.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé, “Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀.” Ogun abẹ́lé ló bí ọ̀rọ̀ yẹn, ní 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra wọ Ọ̀rẹ̀ tí ìjà sì gbóná níbẹ̀. Ogun yẹn ti parí láti 1970. Ṣùgbọ́n títì tó ti Ṣàgámù wá sí Ọ̀rẹ̀, tó sì gba ibẹ̀ lọ sí Benin, kò tíì bá wa parí ìjà tirẹ̀. Ọkọ̀ ń gbá ọkọ̀, ọ̀kadà ń gbé èèyàn ṣubú. Ẹni tí kò sì rin títì rárá, ó lè já lórí ọ̀pẹ, àdá lè ṣá a lẹ́sẹ̀ lóko, ẹ̀jẹ̀ ríru sì lè gbé e ṣánlẹ̀ kí apá kan ara rẹ̀ rọ. Ọlọ́hun má jẹ́ ká rí i. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe àmín.

A dúpẹ́ pé ọsibítù wà. Ìjọba kọ́ ibùdó ìtọ́jú ìfarapa àti iṣẹ́ abẹ sí ìlú Oǹdó, ọsibítù ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ọ̀wọ̀. Dókítà lè to eegun, ó lè rán egbò. Ṣùgbọ́n dókítà kì í bá èèyàn délé. Eegun itan tó ṣẹ́ lè gba oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó di. Nínú oṣù mẹ́ta yẹn, ọ̀sẹ̀ mélòó ni aláìsàn lò lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù? Ìyókù, ọwọ́ èmi àti ẹ̀yin ló wà.

Kí ẹ má baà rò pé mo wá pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀bi tèmi.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kadà gbé àbúrò bàbá mi ṣubú nígbà tí wọ́n ń ti oko bọ̀. Bàbá Kékeré ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Eegun itan wọn ṣẹ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n fi irin so eegun náà, iṣẹ́ náà sì dára. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa dé, inú wa dùn. A ra àgbò. A háyà àga. Àwọn ààfáà wá, wọ́n ṣe wáàsí, wọ́n ṣe àdúà, a jẹ, a mu. Èmi gan-an dìde, mo sọ̀rọ̀ gígùn lórí ọpẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò ṣe. Kò sẹ́ni tó wo ibi tí wọ́n máa sùn. Tìmùtìmù tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni a tẹ́ wọn sí. Kò sẹ́ni tó wo ọ̀nà ṣalángá. Ẹ̀yìnkùlé ni ṣalángá wà, èèyàn á sọ àtẹ̀gùn mẹ́ta kalẹ̀, á tún fo gọ́tà, kó tó débẹ̀. Ìlóṣòó ni wọ́n sì ń lóṣòó níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi irin so itan rẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ lóṣòó?

Ní òru ọjọ́ kẹta, ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n. Ìyàwó wọn ti sùn lọ fọnfọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, nítorí pé láti ọjọ́ tí àlejò ti ń ya wá ni wọ́n ti ń dáná. Bàbá Kékeré kò jí wọn. Wọ́n gbá ọ̀pá wọn mú, wọ́n ń táràrà lọ nínú òkùnkùn. Orí àtẹ̀gùn kejì ni a ti gbọ́ igbe wọn.

Òru ọjọ́ náà ni a gbé wọn padà sí ọsibítù. Wọ́n tún itan náà là. Nígbà tí mo ráyè bi wọ́n pé, “Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò pe ẹnì kankan?”, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ojú ló ń tì mí. Ṣé kí n máa jí obìnrin tí kò fẹ̀yìn lélẹ̀ láti àárọ̀, nítorí ìtọ̀?”

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí mi títí dòní. Owó àgbò tí a pa yẹn, ì bá ra bẹ́ẹ̀dì, ì bá kan àga ìgbọ̀nsẹ̀, ì bá ra tọ́ọ̀ṣì. Mi ò sọ pé kí a má ṣe sàárà o. Ohun tí mo ń sọ ni pé àlejò la palẹ̀ ilé mọ́ dè, a gbàgbé ẹni tó ń ti ọsibítù bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí Ànábì (SAW) ṣe ṣe é. Ní ọdún karùn-ún Hijira, èyí tó bọ́ sí ọdún 627 nínú kíkà àwọn òyìnbó, ogun Khandaq ṣẹlẹ̀, èyí tí a ń pè ní ogun kòtò. Ọfà bá Sa'd ọmọ Mu'adh lápá, ó bá iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èèyàn pàtàkì ni Sa'd nínú àwọn Ansar. Kí ni Ànábì ṣe? Ó ní kí wọ́n pa àgọ́ kan fún un nínú mọ́ṣáláṣí. Hàdíìsì tó wà nínú ìwé Bukhari sọ ìdí rẹ̀ fún wa: kó lè máa bẹ̀ ẹ́ wò láti tòsí. Àwọn onítàn sì sọ pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Rufaydah, ọmọ ìran Aslam, tó mọ̀ nípa ìtọ́jú ọgbẹ́, ló ń tọ́jú àwọn tó fara pa nínú àgọ́ náà.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ìtàn yìí. Wọ́n ṣètò ibì kan fún Sa'd, wọn ò tì í sí kọ̀rọ̀. Ibẹ̀ sún mọ́ èèyàn, kò jìnnà sẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n sì yan ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀. Ibi tó tọ́, ìsúnmọ́, àti olùtọ́jú: nǹkan mẹ́ta ni. Ẹ jẹ́ ká sì sọ òótọ́: Sa'd padà kú, nígbà tí ọgbẹ́ náà tún ya. Ìpalẹ̀mọ́ kì í ra ẹ̀mí lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sa'd lọ, kò sẹ́ni tó lè sọ pé àìnáání ló pa á.

Nílé wa níbí náà, àwọn tó dá ọsibítù Igbóbì sílẹ̀ l'Ékòó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa ló mọ Igbóbì mọ́ eegun títò. Ṣùgbọ́n ní 1945, bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé wọ́n wá ibi tí àwọn sójà tó fara pa nínú Ogun Àgbáyé Kejì á ti máa gba agbára padà. Wọ́n rí i pé yíyọ ọta kúrò lára èèyàn kò tó. Ó gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò ti kọ́ ìrìn.

Ó yá, báwo la ṣe máa pàgọ́ tiwa ní Omifunfun?

Ọsibítù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má rán ọmọ kékeré lọ gbé aláìsàn wálé. Kí àgbà tó lóye lọ, kó sì bi nọ́ọ̀sì ní ìbéèrè mẹ́rin. Oògùn wo ló máa lò, nígbà wo, fún ọjọ́ mélòó? Ṣé ó lè fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀, àbí kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́? Ta ló máa bá a tún egbò dì, níbo sì ni? Ọjọ́ wo ni kó padà wá? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹni tó wà nílé kò bá mọ̀ wé, ẹ ya oòrùn sára ike oògùn àárọ̀, kí ẹ ya òṣùpá sára ti alẹ́. Ìtìjú kò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, yàrá. Ẹ má gbé aláìsàn sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ má sì gbé e sí yàrá ẹ̀yìn tí ẹ ń kó ẹ̀gẹ́ àti àpò kòkó sí. Ibi tó ti lè gbọ́ ohùn èèyàn, tí afẹ́fẹ́ ń wọlé, tí kò jìnnà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibẹ̀ ni kó wà. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ jù. Bó bá jókòó sétí rẹ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ dáadáa, kí orúnkún rẹ̀ má sì ga ju ìbàdí lọ. Bí bẹ́ẹ̀dì bá kúrú, káfíńtà lè fi igi tó dúró dáadáa gbé e sókè. Ẹ ká ẹní tó lè kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ kúrò, ẹ kó wáyà àti bàtà àwọn ọmọdé kúrò lọ́nà. Ẹ ta àwọ̀n ẹ̀fọn. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì síbi tí ọwọ́ rẹ̀ á ti tó o. Ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rẹ̀, nítorí èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn lójú oorun.

Ẹ wá agolo mílíìkì kan, ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Bó bá fẹ́ nǹkan lóru, kó mì í. Nǹkan kékeré lásán ni, àbí? Bàbá Kékeré sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ohun tó nira fún àwọn jù ni láti máa pe orúkọ èèyàn lóru. Agolo kì í tijú.

Ẹ̀kẹta ni ìgbọ̀nsẹ̀, èyí tí a kì í fẹ́ dárúkọ, bẹ́ẹ̀ òun ló ń gbé èèyàn ṣubú jù. Ẹ pe káfíńtà, kó gé ihò sáàárín àga tó lágbára, kí ẹ gbé ike onídèérí sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi sínú yàrá lóru. Bó bá lè rìn dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ kan igi mọ́ ògiri kó rí nǹkan dì mú, kí ẹ sì fi pákó tó le afárá sórí gọ́tà. Ẹ jókòó, ẹ pinnu ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́: aya fún ọkọ, ọkọ fún aya, ọmọkùnrin fún bàbá, ọmọbìnrin fún ìyá. Kí àgbà ilé fúnra rẹ̀ wá sọ fún aláìsàn pé, “Ẹ má tijú. Ẹ̀yin náà ṣe é fún wa nígbà tí a wà lọ́mọdé.”

Ẹni tí kò lè dìde ńkọ́? Ẹ máa yí i padà ní wákàtí méjì méjì, kí ẹ máa wo ìdí rẹ̀, ìbàdí rẹ̀ àti gìgísẹ̀ rẹ̀. Bí ibì kan bá ti ń pọ́n tàbí tó ń dúdú, egbò ìdùbúlẹ̀ ló ń bọ̀ yẹn. Ẹ tètè sọ fún nọ́ọ̀sì. Ẹni tí apá kan ara rẹ̀ rọ, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n ní ọsibítù bóyá ó ń gbé oúnjẹ mì dáadáa. Ẹ má fún un lóúnjẹ ní ìdùbúlẹ̀. Ẹ gbé e jókòó, ẹ fún un díẹ̀díẹ̀, kó sì wà ní ìjókòó fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ.

Ẹni tí wọ́n di P.O.P. fún, omi kò gbọ́dọ̀ kàn án, ẹ má sì ti igi bọ inú rẹ̀ nítorí pé ó ń yún un. Ẹ má sì tú u nílé nítorí pé ẹnì kan sọ pé òun máa fi àgbo wọ́ ọ. Mi ò bú àwọn teguntegun wa. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjì kì í to eegun kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bi dókítà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Àwọn àmì kan wà tí kò gba ká dúró de ilẹ̀ mọ́. Bí ọmọ ìka bá tutù, tó kú tipiri tàbí tó dúdú nínú P.O.P. Bí egbò bá ń rùn, tó ń ṣọyún, tí ibà sì dé. Bí ojúgun kan bá wú, tó gbóná, tó ń dun èèyàn, ẹ má wọ́ ọ o, nítorí ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì. Bí mímí bá sì ṣòro lójijì, tàbí tí àyà ń dun ún. Ẹ gbé e, ọsibítù ni. Kí nọ́ńbà ẹni tó ní mọ́tò wà nínú fóònù yín kí ọjọ́ náà tó dé.

Ẹ̀yin àlejò, ọ̀rọ̀ yín kàn o. Bíbẹ aláìsàn wò, ẹ̀san ńlá ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá láti ìrọ̀lẹ́ tó jókòó di òru, tó ń ròyìn ẹni tí irú ẹsẹ̀ yìí pa, kì í ṣe ìbẹ̀wò ló wá ṣe. Ẹ wá, ẹ kí i, ẹ ṣe àdúà, ẹ dìde. Bí ikọ́ bá ń ṣe yín, ẹ kí i lórí fóònù. Bí ẹ bá fẹ́ gba ẹ̀san púpọ̀, ẹ fọ aṣọ rẹ̀, ẹ pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù, ẹ dúró tì í fún wákàtí méjì kí ìyàwó rẹ̀ sùn.

Èyí ló mú mi dé orí olùtọ́jú. Ìyàwó Bàbá Kékeré ń ta epo l'Ọ́rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni wọn ò dé ọjà. Ta ló ń bá wọn ka owó tó ṣègbé? Ẹ jẹ́ ká pín iṣẹ́ náà. Kí ẹnì kan gba òru, kí ẹnì kan gba ọ̀sán, kí ẹnì kan máa se sààrì ránṣẹ́. Iṣẹ́ tí gbogbo ẹbí di ru obìnrin kan, àbòsí ni. Kì í ṣe ìfẹ́ rárá.

Àti oko náà ńkọ́? Kòkó tó pọ́n kì í dúró de ẹsẹ̀ tó ṣẹ́. Bí oko bá ń di ìgbẹ́, aláìsàn á dìde ṣáájú àsìkò, nítorí owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Ní ìlú Káírò, ní ọdún 1284, Sùlútáànù Qalawun kọ́ ọsibítù ńlá kan. Àwọn onítàn sọ pé ẹni tí ara rẹ̀ bá yá níbẹ̀, wọ́n á fún un lówó àti aṣọ nígbà tó bá ń lọ, kí ebi má baà lé e padà sẹ́nu iṣẹ́ kí agbára rẹ̀ tó pé. Àwa kò ní owó Sùlútáànù. Ṣùgbọ́n a ní ọ̀wẹ̀. Àwọn bàbá wa ló fi sílẹ̀ fún wa. Kí ogún ọkùnrin láti mọ́ṣáláṣí gbé àdá lọ sóko rẹ̀ ní Sátidé kan, ẹ ó ti ro ó tán kí oòrùn tó kanrí. Sàárà ni ìyẹn náà.

Nínú oṣù tí a wà yìí, ọ̀rọ̀ kan tún wà. Àwọn kan máa ń ti ọsibítù dé, wọ́n á ní àwọn ò lè ṣí ààwẹ̀, wọ́n á wá fi oògùn ọ̀sán sílẹ̀. Nínú Súrà Baqara, aayah 184 àti 185, Ọlọ́hun yọ̀ǹda fún aláìsàn kó jẹun, kó san iye ọjọ́ náà padà nígbà tí ara bá yá. Ẹni tí kò sí ìrètí pé àìsàn rẹ̀ á lọ, ọ̀pọ̀ onímímọ̀ ní kó máa bọ́ òtòṣì kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Kó bi ààfáà rẹ̀. Ìrun náà, bí kò bá lè dìde, kó jókòó. Bí kò bá lè jókòó, kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ànábì kọ́ Imran ọmọ Husayn nígbà tí ara rẹ̀ kò yá. Kó fi ọwọ́ tútù pa orí P.O.P., kò gbọ́dọ̀ tú u torí àlùwàlá. Bí omi bá máa pa á lára, ẹ gbé òkúta tó mọ́ sí tòsí rẹ̀ fún táyámọ́mù. Ohun tí Ọlọ́hun fi dẹ̀ ẹ́ lọ́rùn, ẹ má fi dẹ́rù pa á.

Bàbá Kékeré padà rìn. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn o, ẹsẹ̀ kan sì kúrú ju èkejì lọ díẹ̀. Bí wọ́n bá ń bọ̀ ní mọ́ṣáláṣí, tí mo bá gbọ́ ìró ọ̀pá wọn, mo máa ń rántí àgbò yẹn. Wọn kò bá mi wí rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi rọ lápá kan, kí wọ́n tó gbé e kúrò ní ọsibítù ni àga oníhò ti wà nílé. Bàbá Kékeré fúnra wọn ló wá wò ó. Wọ́n jókòó lórí rẹ̀, wọ́n mì í, wọ́n ní, “Èyí dára. Agolo rẹ̀ dà?”

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, àgọ́ la pa fún Sa'd. Ta lẹ fẹ́ pàgọ́ fún? Ẹ wo ilé yín lálẹ́ òní lẹ́yìn ìṣínu. Ẹ ka àtẹ̀gùn, ẹ wo gọ́tà.

Kí Ọlọ́hun fún gbogbo aláìsàn wa ní àlàáfíà, kó fún àwọn tó ń tọ́jú wọn lókun, kó forí ji àwọn tó ti lọ. Kó má fi títì Ọ̀rẹ̀ dán wa wò. Àmín.